Ìwà Ni Wọ́n Ní Ká Tún Ṣe, Kì í Ṣe Ẹsẹ̀ Mọ́tò

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò ní mọ́tò. Ká ní wọ́n ní in ni, wọn ì bá ti so àlàyé mọ́ ọn nídìí, nítorí ohun tí àwọn ọmọ wọn ń fi òwe náà ṣe lónìí tó ohun tí wọ́n lè tìtorí ẹ̀ wá gba òwe wọn padà.

A ti yọ ìwà kúrò nínú rẹ̀. A rọra yọ ọ́, a fi ọkọ̀ síbẹ̀, a sì ń pa òwe náà lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe: ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ọkọ̀ ara ẹni ṣe. Bí ẹ bá wá bi wá pé ìwà ńkọ́, a ó ní ìwà wà lọ́wọ́ ìjọba, ó wà lọ́wọ́ Road Safety, ó wà lọ́wọ́ pásítọ̀ àti ààfáà. Kí wọ́n máa bá wa tún un ṣe lọ. Ọwọ́ tiwa dí. À ń ṣe aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títò ẹsẹ̀ mọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká pe akọni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀gbẹ́ni Mo-Lè-Ṣe-É. Ẹ má wulẹ̀ máa wá a kiri Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, nítorí ẹ ó rí ju ẹyọ kan lọ. Honda Accord ló ń wà, irú èyí tó jáde ní 2003, tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ sọ ní "End of Discussion". Wọ́n ní àríyànjiyàn ti parí lórí ọkọ̀ náà. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì bá ẹni tó ni ín pàdé.

Ọkọ̀ ọ̀hún ń fà sọ́tùn-ún. Bí Ọ̀gbẹ́ni bá dẹwọ́ lórí sitiárìn díẹ̀, gọ́tà ni imú mọ́tò ń kọjú sí. Ó sì mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Èkó àtijọ́, láti Abẹ́òkúta gba Ìtórí, gba Ifọ̀, já sí Ṣàngó, mọ̀ pé gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà yẹn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ délé bó ṣe jáde. Ọ̀gbẹ́ni fi eré kó sí ọ̀kan nínú wọn níbi tó ti ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, tó ń fi èkejì dáhùn fóònù. Ẹ má gbàgbé èyí o.

Ká má parọ́, ó nídìí tí kò fi fẹ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí onímọ́tò tí kò di oníṣirò tipátipá. Yàtọ̀ sí ti owó, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Èwo ni ká sọ: ti mẹkáníìkì tó ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti jẹ, tó ta òmíràn fún un, tí èyí tó tú kúrò sì di tuntun nínú ọkọ̀ ẹlòmíì? Àbí ti ọmọ iṣẹ́ tó ní aláìnmẹ́ǹtì ti parí, tí sitiárìn sì wọ́ sápá kan nígbà tí mọ́tò ń lọ tààrà? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀gbẹ́ni sá lóòótọ́. Inú fídíò ló sá wọ̀.

Nínú fídíò náà, òyìnbó kan ní Amẹ́ríkà dúró nínú gáréèjì tí ilẹ̀ rẹ̀ dán, tó sì tẹ́jú. Ó na okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó wọ̀n ọ́n, ó yí nọ́ọ̀tì, ó rẹ́rìn-ín, ó tán. Ohun tí fídíò kò rò mọ́ ọn ni pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ń pe ìlú tiwa. Láti ìdí Olúmọ wá sí Ìtòkú, láti Ìtòkú dé Sápọ́n, bí ẹ bá da omi sílẹ̀ níwájú ilé, ìsàlẹ̀ àdúgbò lẹ ó ti lọ bá a. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni gbé mọ́tò sí. Ó fi òkúta méjì dí i lẹ́sẹ̀ kó má bàa yí lọ, ó wá ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́.

Ó ku okùn. Ní Ìtòkú tí wọ́n ti ń di àdìrẹ láti ayé àwọn ìyá ìyá wa, ta ni yóò wá okùn tì? Ó bọ́ sọ́dọ̀ ìyá aládìrẹ kan.

"Ìyá, ẹ ta ìko fún mi."

"Ọkọ mi, aṣọ mélòó lo fẹ́ dì?"

"Kì í ṣe aṣọ, Ìyá. Mọ́tò ni."

"Mọ́tò? O fẹ́ pa á láró ni?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi tò."

Ìyá ka owó, ó na ìko sí i. "Kò burú. Ìko mi ò ṣàṣìṣe rí. Ọwọ́ tó bá dì í ló ń ṣe é."

Ọ̀gbẹ́ni dúpẹ́, ó ń lọ. Bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bá ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni, àròkọ yìí ì bá ti parí síbí.

Ẹ jẹ́ ká dá nǹkan kan sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé okùn là ń bá jà. Okùn ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń fi mọ́tò sá eré ìje ní ìlú òyìnbó ṣì ń nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn títí dòní. Ohun mẹ́ta ni aláìnmẹ́ǹtì ń wò. Àkọ́kọ́ ni toe, ìyẹn ni bóyá iwájú ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ tàbí wọ́n jìnnà síra jù ú lọ. Èkejì ni camber, bóyá orí táyà fì sínú tàbí ó fì síta. Ẹ̀kẹta ni caster, bí ibi tí ẹsẹ̀ iwájú fi ń yí ṣe fara tì sẹ́yìn tó. Òun ló ń jẹ́ kí sitiárìn dá padà bí ẹ bá yà tán. Okùn lè wọn àkọ́kọ́. Fóònù lè báni díwọ̀n èkejì. Ẹ̀kẹta kò ṣeé fojú dá, ó ń fẹ́ pèpéle tí ẹsẹ̀ mọ́tò yóò máa yí lórí rẹ̀, tí wọ́n fàmì dígíríì sí lára.

Òyìnbó inú fídíò sọ gbogbo èyí. Ọ̀gbẹ́ni ti fo ibẹ̀. Ibi tí sípánà wà ló ń wá.

Òyìnbó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ọ̀gbẹ́ni fi ẹsẹ̀ ta táyà, ó ní afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Òyìnbó ní kí wọ́n fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, kí wọ́n di táyà mú lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n mì í: bó bá ń gbò, tie rod, irin tó so ẹsẹ̀ mọ́ ìdí sitiárìn, ti ń jẹ. Kí wọ́n di í mú lókè nílẹ̀, kí wọ́n tún mì í: bó bá gbò, kí wọ́n wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti bíárìn. Ìdí ni pé ohun tó ti jẹ kò ṣeé tò. Ẹ lè tò ó lónìí kó gún régé, gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ ni yóò tú u ká. Ọ̀gbẹ́ni ní bí òun bá gbé jáàkì, ọjọ́ á lọ.

Òyìnbó tún ní kí wọ́n pààrọ̀ táyà iwájú, kí ti ọ̀tún lọ sósì, kí tòsì wá sọ́tùn-ún. Bí ọkọ̀ tó ń fà sọ́tùn-ún bá wá ń fà sósì, táyà ló ní ẹjọ́, kò kan aláìnmẹ́ǹtì rárá. Bó bá sì jẹ́ pé sitiárìn ń gbọ̀n nígbà tí eré bá le, bálánsì ni kí wọ́n lọ ṣe, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ gbáà nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni kò pààrọ̀ nǹkan kan. Ẹni tó ti ra ìko, ṣé kó dá a padà ni?

Ó na ìko. Kò sí ọ̀pá irin, ó so ó mọ́ àga onípákó níwájú lẹ́yìn. Ó yẹ kó mọ̀ pé àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn. Nítorí náà, wọn kì í sún okùn lé táyà ẹ̀yìn, àárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n títí okùn ọ̀tún àti tòsì yóò fi dọ́gba sí ara ọkọ̀. Ó sún un lé táyà ẹ̀yìn. Ewúrẹ́ aládùúgbò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ìko fì, ó ní kò ṣe nǹkan. Ó fa téèpù télọ̀ ìyàwó rẹ̀ yọ, èyí tó ti nà láti ọjọ́ tó ti ń wọn ìbàdí. Ó di ojú kan. Ó wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀tì orí tie rod ti dípẹtà. Ó gbé òòlù.

Ẹ dúró níbi òòlù yẹn ná, nítorí irin tó ń lù kì í ṣe irin lásán. Ó ti lé ní igba ọdún tí Georg Lankensperger, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì, ti ronú kàn án pé bí ọkọ̀ bá ń yà, ẹsẹ̀ tó wà nínú gbọ́dọ̀ yà ju tòde lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kan á máa wọ́ ìkejì nílẹ̀. Ó fi iṣẹ́ náà ran Rudolph Ackermann ní London, òun ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1818, orúkọ Ackermann ni wọ́n sì ń pe ìlànà náà títí dòní. Ẹni tó dá ọgbọ́n ọ̀hún sílẹ̀ rí i pé ó yẹ kí òun gbé apá kan iṣẹ́ náà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wo fídíò ní Ìtòkú kò rí ìdí tó fi yẹ bẹ́ẹ̀.

Ó yí tie rod ọ̀tún nìkan, nítorí ọ̀tún ni ọkọ̀ ń fà sí. Ìyẹn ni sitiárìn fi wọ́. Kò ti ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ lè jókòó kó tó tún un wọ̀n. Kò tún un wọ̀n rárá. Ó nu ọwọ́, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Bọ́lá, ẹ wá wò ó. Ó ti tọ́."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Bọ́lá. Kí ló wá dé tí sitiárìn ń wo ilé ìyá mi?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Á dá padà."

Kò dá padà. Ẹ sì jẹ́ ká ṣírò ohun tí kò dá padà yẹn. Gíga táyà ọkọ̀ kékeré tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 63. Àyè tí ilé iṣẹ́ tó ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ fún toe kò ju mìlímítà bíi 2 lọ. Ìko aládìrẹ fúnra rẹ̀ lè fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ká ní Ọ̀gbẹ́ni fi mìlímítà 5 péré ṣì í, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin dígíríì kan kọjú kúrò lọ́nà. Ojú lásán ò lè rí i. Ṣùgbọ́n nínú kìlómítà 1 tí mọ́tò bá rìn, táyà yẹn á fẹ́ fi mítà 4 yà bàrá. Èkejì rẹ̀ náà ń fà sí apá tirẹ̀, kò sì sí èyí tó lè lọ, ọ̀dà ni wọ́n ń fi ara ha. Láti ibí dé Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 100. Rọ́bà táyà tí Ọ̀gbẹ́ni fi ha títì lójú ọ̀nà yẹn á tó ìrìn irinwó mítà. Owó aláìnmẹ́ǹtì tó ní òun fi pamọ́, ó ti ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti Lafẹ́nwá dé Ṣàngó, ó sì tún ń jó epo lé e.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó ti mọ́ àwa Ẹ̀gbá lára láti dá nǹkan wa ṣe, irọ́ ló ń pa mọ́ wa. Ẹ wo ìsọ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni ti ra ìko. Látijọ́ tí ẹ̀lú ṣì gbòde, ẹni tó ń di aṣọ lè máà jẹ́ ẹni tó ń pa á láró. Aládìrẹ mọ ìdì, aláró mọ ìgbà tí aró gba aṣọ àti ìgbà tó ti kú, ẹni tó ń lù ú kó lè dán wà lọ́tọ̀. Kò sí èyí tó fi òwe lé ẹnìkejì kúrò nídìí iṣẹ́. Kí Abẹ́òkúta tó dé rárá, Líṣàbí Agbòǹgbò-Àkàlà, tí ìtàn Ẹ̀gbá ní Ìtòkú àtijọ́ ni wọ́n ti bí i, fi ẹgbẹ́ àáró kó àwọn àgbẹ̀ jọ: lónìí ká ro oko tìrẹ, lọ́la ká ro tèmi. Láti inú àáró yẹn ni wọ́n ti dìde sí àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn aṣojú ọba Ọ̀yọ́. Ọmọ Líṣàbí ló wá dá dùbúlẹ̀ sábẹ́ Honda yìí, tó ní òun ò fẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ọwọ́ ara ẹni ò bá sí fún ẹsẹ̀ mọ́tò, kí ló wá wà fún? Òwe ti sọ ọ́, ìwà ló pè. Gálọ́ọ̀pù ni wọ́n ní ó ba ọkọ̀ Ọ̀gbẹ́ni jẹ́. Gálọ́ọ̀pù ò lè dìde. Ọwọ́ tó di fóònù mú ló gbé mọ́tò lọ bá a, ọwọ́ yẹn gan-an ló sì padà wá di sípánà. Ara táyà tó ń fi ìko tò, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 3517, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2017 ni. Ọdún mẹ́rin ni Road Safety ní kí táyà lò. Nọ́ńbà yẹn kò gba okùn, kò gba òòlù, ojú lásán ni wọ́n fi ń kà á. Ọ̀gbẹ́ni ò kà á, nítorí bó bá kà á, yóò ra táyà. Nígbà tó sì fẹ́ lọ ra ìko, àárín títì Ìtòkú ló páàkì sí, tó tan iná tó ń ṣẹ́jú sílẹ̀, tí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi tò dé ibi tí ojú ò tó. Èwo nínú wọn ni ẹ̀rọ aláìnmẹ́ǹtì lè wọ̀n?

Ìjọba pàápàá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí ọwọ́ ara ẹni lè tò àti ohun tí kò lè tò. Lọ́jọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lọ́wọ́ òsì, ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wa yà. Ká ní wọ́n ní kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà nígbà tó bá wù ú ni, òkú ìbá sùn lọ bẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n sì dá Federal Road Safety Corps sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Aké níbí ni wọ́n fi ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Kì í ṣe mẹkáníìkì. Ọkùnrin tó ti gbé eré The Road jáde láti 1965, tí ìsọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ti kú sójú ọ̀nà wà nínú rẹ̀, mọ̀ pé ẹni tó jókòó sídìí sitiárìn ló kọ́kọ́ ń fẹ́ títò.

Kí àwọn oníṣẹ́ má tíì jó. Ẹ̀rọ oníkámẹ́rà tí wọ́n rà kò sọ wọ́n di olóòótọ́. Ẹlòmíì ń gba owó ohun mẹ́ta, toe nìkan ló ń yí. Ẹlòmíì ò tíì yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò láti ọjọ́ tó ti rà á, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín òun àti Ọ̀gbẹ́ni ni pé ìko tirẹ̀ ń lo iná mànàmáná. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ onímọ́tò ti níṣẹ́. Kí ẹ fi ọwọ́ yín fẹ́ táyà dọ́gba kí ẹ tó lọ. Kí ẹ ní kí wọ́n mi ẹsẹ̀ iwájú lójú yín kí wọ́n tó tò ó. Kí ẹ gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, èyí tó ní iye tó wà tẹ́lẹ̀ àti iye tó dé báyìí, kí ẹ sì kà á. Kí ẹ wà á lórí títì tó tẹ́jú kí owó tó kúrò lápò. Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí, kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni rẹ́ ẹ jẹ, kò sì ní dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò.

Mo sọ èyí fún Ọ̀gbẹ́ni Mo-Lè-Ṣe-É. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ní àgbà ni mí, òun ti gbọ́, òun ò tún ní ṣe aláìnmẹ́ǹtì fúnra òun mọ́. Ó ní fídíò tí òun ń wò báyìí, ti bíréèkì ni. Ẹ̀yin aládìrẹ ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún àtẹ yín sẹ́yìn.